Awójọbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Mọ Irin

Àwọn kan kàwé títí tí ọwọ́ wọn kò fi fẹ́ kan ọ́ìlì mọ́. Àwọn mìíràn sì wà tí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá nídìí irin, ṣùgbọ́n tí wọn kò rí ẹni là wọ́n lójú sí ìṣirò tó wà lẹ́yìn ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí kó méjèèjì pọ̀. Ó kàwé dé ibi tí ìwé gùn dé, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò kọ sípánà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti papò dà, ìyìn rẹ̀ kò sì tíì tán lẹ́nu àwọn tó kọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ọ̀tà ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá mọ ìlú wa, láti Tóògéètì dé abẹ́ bíríìjì Ṣàngó, kó tún yà sí òpópónà Ìdí-Ìrókò, yóò mọ̀ pé ìró ẹ̀rọ ló ń jí wa láàárọ̀, òun náà ló sì ń sùn tì wá lálẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin wà, èyí tó ń ṣe ike wà, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń ṣe ọṣẹ àti oúnjẹ inú ọ̀rá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà, àwọn rìwáyà, àti àwọn tó ń gé irin láti fi rọ́pò ara ẹ̀rọ tó bá kán. Kí ilé-iṣẹ́ ńlá tó dé rárá, Ọ̀tà Àwórì ti jẹ́ ìlú àwọn agbẹ́gilére. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó mọ ìtàn Awójọbí lámọ̀dunjú, nítorí ohun tó fi ayé rẹ̀ ṣe ni ohun tí à ń jẹ, tí à ń mu níbí.

Ojú irin ló kọ́kọ́ so òun àti ìlú wa pọ̀. Ní ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Ìdó ni wọ́n ti gbéra, Ọ̀tà ni abala àkọ́kọ́ ti dé kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta, nígbà tó sì di 1901, ọkọ̀ ojú irin ti ń wọ Ìbàdàn. Iṣẹ́ ojú irin yìí ni bàbá rẹ̀, Daniel Adékọ̀yà Awójọbí, ọmọ Ìkòròdú, ń ṣe. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ni. Ìyá rẹ̀, Comfort Bámidélé, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, ń ṣòwò kéékèèké. Òṣòdì, níbi tí ojú irin là kọjá, ni wọ́n bí Ayọ̀délé sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1937.

Ilé ọ̀gá ibùdókọ̀ jẹ́ ilé tí aago ti ń jọba. Ọkọ̀ kan gbọ́dọ̀ dúró kí òmíràn tó kọjá. Bí ẹni tó wà nídìí àmì bá ṣe àṣìṣe kékeré, ẹ̀mí lè lọ sí i. Ọmọ tó bá dàgbà sírú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní í pẹ́ mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í gba àwáwí. Ohun tó bá yẹ ní ṣíṣe ni kí á ṣe, kí á sì ṣe é nígbà tó yẹ.

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Peter's ní Fájì, ní Èkó, ni Awójọbí lọ láti 1942 sí 1947. Láti ibẹ̀ ó wọ CMS Grammar School, ilé-ìwé girama tó dàgbà jù lọ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859. Ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò ni ín lára níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ara rẹ̀ mọ sọ́dọ̀ wọn. Ó wà nínú ẹgbẹ́ alárìíyànjiyàn, ó sì ṣe eré orí ìtàgé. Nígbà tí wọ́n ṣe eré Macbeth tí Shakespeare kọ, òun ló ṣe Macbeth fúnra rẹ̀, ó sì ṣe é débi tí orúkọ náà fi mọ́ ọn lára títí ayé. Ní ọdún 1955 ó jókòó ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, ó sì gba ipò tó ga jù nínú iṣẹ́ mẹ́jọ.

Mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ síbi eré orí ìtàgé yìí. Ọ̀pọ̀ òbí nílẹ̀ wa rò pé bí ọmọ bá fẹ́ ṣe ẹnjiníà, kò gbọ́dọ̀ ráyè fún eré, orin, àríyànjiyàn tàbí ìwé ìtàn. Awójọbí kò gbé irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀. Ohùn tó fi ṣe Macbeth ló padà fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, òun ló fi bá gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, òun náà ló sì fi ro ẹjọ́ ará ìlú. Ohun tó fẹ́ràn láti ìgbà èwe kò jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ gbẹ.

Lẹ́yìn girama, ó kọjá sí Nigerian College of Arts, Science and Technology ní Ìbàdàn, níbi tó ti yege ìdánwò onípò gíga ní 1958 nínú físíìsì àti ẹ̀ka ìṣirò méjèèjì. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní owó ẹ̀kọ́, ó sì gba ẹ̀ka ilé-ìwé náà tó wà ní Zaria lọ, èyí tó di Yunifásítì Ahmadu Bello lónìí. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, tó sì gba oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ipò kìn-ín-ní ní 1962. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di ọ̀mọ̀wé ní 1966. Ó padà wálé wá kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, ní Akọka. Nígbà tó di 1974, Imperial College tún fún un ní oyè DSc nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Oyè yìí ga ju ti ọ̀mọ̀wé lọ. Iṣẹ́ ìwádìí tí ènìyàn ti tẹ̀ jáde, tí ayé sì ti yẹ̀ wò, ni wọ́n ń fi fúnni. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni, ní ọdún yẹn náà ló sì di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Kí ló jókòó tì tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé irú oyè yìí lé e lórí? Ìgbọ̀n ni: bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ̀n lórí ilẹ̀, àti bí ilẹ̀ ṣe ń dá a lóhùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ní Ọ̀tà ti rí ọ̀rọ̀ yìí, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ nínú ọgbà kan ní Ṣàngó lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ. Bí olówó rẹ̀ kò bá dè é mọ́lẹ̀, yóò máa sún díẹ̀díẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì títí yóò fi kan ògiri. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń gbé e ka orí táyà àlòkù, nítorí pé rọ́bà ń gba díẹ̀ nínú ìgbọ̀n náà mọ́ra kó tó dé ilẹ̀.

Bó bá wá di ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, tó wúwo tó ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù, táyà kò rí i ṣe. Kọnkéré ni wọ́n ń dà fún un, bóòtù gbọọrọ ni wọ́n sì fi ń dè é. Kọnkéré yẹn jókòó lórí ilẹ̀, ilẹ̀ kì í sì í ṣe òkú. Bí ẹ̀rọ bá tẹ̀ ẹ́, yóò wọlé díẹ̀, yóò tún ta á padà bíi sípíríǹgì. Ẹ̀rọ, kọnkéré àti ilẹ̀ tó gbé wọn ró ní ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ láti máa gbọ̀n dé nínú ìṣẹ́jú kan. Bí eré tí ẹ̀rọ ń sá bá lọ bá ìwọ̀n yìí dọ́gba, ìgbọ̀n yóò di ìlọ́po-ìlọ́po. Nọ́ọ̀tì á tú, kọnkéré á sán, irin tó ń yí á kán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa wá ẹni tó ba ẹ̀rọ wọn jẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe ìṣirò rẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré yóò ti mọ bó ṣe yẹ kó wúwo tó, bó ṣe yẹ kó fẹ̀ tó, àti eré tí ẹ̀rọ náà kò gbọ́dọ̀ máa sá.

Ìṣirò yìí le púpọ̀, torí pé ilẹ̀ kò ní ẹ̀gbẹ́, kò sì ní ìsàlẹ̀ tí ojú lè rí. Awójọbí àti P. Grootenhuis tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí rẹ̀ ní 1965 nínú ìwé ìròyìn Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1973, òun àti R. E. Gibson tún gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú: wọ́n ṣe ìṣirò ilẹ̀ tó rọ̀ lókè, tó sì ń le sí i bí a bá ṣe ń gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ rí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Ọ̀tà lónìí, ì báà mọ orúkọ Awójọbí, ì báà má mọ̀ ọ́n, ìbéèrè tí Awójọbí jókòó tì ló gbọ́dọ̀ dáhùn.

Bó bá jẹ́ pé ibi ìwé ló parí rẹ̀ sí, a ó máa yìn ín, ṣùgbọ́n bóyá a kì bá tí fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí. Ohun tó mú un wọ àwọn ènìyàn lọ́kàn ni pé ẹ̀rọ jẹ́ iṣẹ́ fún un, ó sì tún jẹ́ ìgbádùn. Ó ní ọkọ̀ kan tí òun àti ẹbí rẹ̀ ń lò, Opel Olympia Rekord tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Láyé ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń darí wa, ọwọ́ òsì ni a ń gbà lójú pópó. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà yí padà sí ọwọ́ ọ̀tún, láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́tùn-ún ti di èyí tó ń fa wàhálà fún awakọ̀ tó bá fẹ́ yọ sílẹ̀ kó tó ya ẹni tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀. Awójọbí gbé sítíárìn Opel rẹ̀ kúrò lọ́tùn-ún, ó gbé e sí òsì.

Ẹni tí kò bá mọ inú ọkọ̀ lè rò pé kí á tú u níhìn-ín kí á dè é lọ́hùn-ún ni. Ẹ bi mẹkáníìkì léèrè. Irin gígùn tó ti abẹ́ sítíárìn wá wọ inú àpótí tó ń yí táyà, àpótí náà ní ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ara ọkọ̀, àwọn apá irin tó sì ti ibẹ̀ lọ bá táyà méjèèjì ní gígùn tí wọn kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni yóò kọjú sí òdìkejì. Bíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì àti tọ́tù yóò tẹ̀lé e, àwọn wáyà àti aago tó wà níwájú awakọ̀ náà yóò sì ṣí kúrò láyè wọn. Bí táyà bá fi díẹ̀ gba ibi tí kò yẹ, ọkọ̀ yóò máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó wà nínú rẹ̀ yóò sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Ọkọ̀ tí ẹbí rẹ̀ ń wọ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n yìí tú palẹ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ dá a lójú.

Èyí tó tún ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ ọ́ di ìtàn. Ó mú ọkọ̀ jíìpù irú ti ológun, ó fi sítíárìn kejì sí i lẹ́yìn, ó sì tún un ṣe tí jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi lè gbé e lọ síwájú, tí wọ́n sì tún lè gbé e lọ sẹ́yìn. Autonov 1 ló sọ ọ́. Ọkọ̀ tí gbogbo wa ń wà, jíà kan ṣoṣo ló ní fún ẹ̀yìn, jíà náà kò sì lè sáré. Awakọ̀ á yí ọrùn, á máa fà á díẹ̀díẹ̀. Nínú Autonov, ibi tó jẹ́ ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ ti di iwájú, eré tó sì lè sá lọ ló lè sá bọ̀. Àǹfààní rẹ̀ kò fara sin. Ọmọ ogun tó bá ko ọ̀tá lójú ọ̀nà tóóró kò ní í wá ibi tí yóò ti yí ọkọ̀ padà. Ẹni tó bá sì mọ àwọn òpópónà kan ní Ṣàngó, tí ọkọ̀ méjì kò lè gba ara wọn kọjá, tí wọ́n sì parí sí ara ògiri, yóò mọ̀ pé ìṣòro tí à ń fojú rí ló ń ronú lé, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

Nínú kíláàsì, ohun tó bá dojú rú fún akẹ́kọ̀ọ́, Awójọbí á ní kò sí ohun tó rọrùn tó o. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Dead Easy nìyẹn, tí àwọn mìíràn sì ń pè é ní Òmìrán Akọka. Orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í ti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wá bí kò bá ti inú ìfẹ́ wá. Olùkọ́ tó ń fi bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe le tó dẹ́rù ba ọmọ pọ̀ káàkiri. Èyí tó ń fi ọmọ lọ́kàn balẹ̀ pé òun náà lè mọ̀ ọ́n ṣọ̀wọ́n. Kò sì fi ìmọ̀ mọ sínú ọgbà yunifásítì. Òun ló ń béèrè ìbéèrè lórí ètò Mastermind lórí tẹlifíṣọ̀n, tí àwọn ìdílé tí kò ní ẹnikẹ́ni ní yunifásítì fi mọ ojú rẹ̀, tí wọ́n sì mọ ohùn rẹ̀.

Ó tún bínú nítorí ìlú. Lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ ti 1979, tí wọ́n ń jà lórí ohun tó jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ mọ́kàndínlógún tí ẹni tó bá borí gbọ́dọ̀ ti rí ìbò tó tó, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ yìí gba ilé-ẹjọ́ lọ lòdì sí ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari. Kò borí, síbẹ̀ kò dákẹ́. Ó ń lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń ṣàlàyé ẹjọ́ náà fún wọn. Àwọn kan sọ pé kí ló kan ẹnjiníà kan ìṣèlú. Ní tèmi, ẹni tí kò gbà kí nọ́ọ̀tì kan tú lára ẹ̀rọ kò ní í ṣàì wo ìlú tó ń tú, kó sì dákẹ́.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984 ni ó kú. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta péré ló lò láyé. Ní Oníkẹ̀ẹ́, ní Yábàá, tí kò jìnnà sí Akọka, ọgbà kan wà tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, Babátúndé Fáṣọlá, gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà, ló sì ṣí ère rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n tún dá ìdíje kan sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣẹ̀dá ohun tó lè yanjú ìṣòro. Ère dára. Lójú tèmi, ìdíje yẹn ló jọ ọ́ jù, nítorí àwọn ọmọ náà ń ṣe ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn láti máa ṣe.

Nígbà náà, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ni ọ̀jọ̀gbọ́n ń jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Bí Awójọbí bá wà láàyè, 2002 ni ì bá fẹ̀yìn tì. Ọdún yẹn gan-an ni Yunifásítì Covenant ṣílẹ̀kùn níbí ní Ọ̀tà. Ní 2005, Bells University of Technology tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ pọ̀ nínú wọn báyìí, ilé-iṣẹ́ sì wà ní ìtòsí wọn ju bó ṣe wà ní ìtòsí ọ̀pọ̀ yunifásítì lọ. Síbẹ̀, ẹ lọ bi wọ́n: mélòó nínú wọn ló ti tú ẹ̀rọ kan rí, tó sì tò ó padà? Mélòó nínú àwọn tó ń gé irin lẹ́bàá títì ni ẹnikẹ́ni ti jókòó tì láti ṣàlàyé ìdí tí irin kan fi ń kán tí òmíràn kì í sì í kán? Odò kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń pọn, wọn kò mọ ara wọn.

Ẹni tó lè mú wọn mọ ara wọn kò jìnnà. Àwọn ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà ni. Wọ́n wà láàárín wa, àwọn bàbá àti ìyá tó mọ ìró ẹ̀rọ tó fẹ́ bàjẹ́ kó tó bàjẹ́, tó mọ ohun tí ìwé wí àti ohun tí ọwọ́ fi kún un. Àwọn kan nínú wọn ń tún rédíò ṣe nínú ilé, àwọn kan ń ro nǹkan pọ̀ lẹ́yìnkùlé, àwọn ọmọ wọn sì ń rò pé eré lásán ni. Eré kọ́. Ohun kan náà ni Awójọbí fi Opel rẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọmọ àdúgbò wá wo ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kàn án, kó fi bà á jẹ́ díẹ̀, kó sì tún un ṣe. Kí yunifásítì ìtòsí yín pè yín, kí ẹ wá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹ ṣe mọ̀ pé ẹ̀rọ kan ń gbọ̀n ju bó ṣe yẹ lọ.

Awójọbí kò rí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, kò sì dúró dè é kó tó pín ohun tó mọ̀ fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ rí i, ọjọ́ tí kò tó fún un ni ẹ ń ná yìí. Ẹ fi kọ́ ẹnì kan.